Ìwàásù Ọdún: Kẹ̀kẹ́ Tí A Fẹ́ Gùn Dé Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: 1 Ọba 18:46 títí dé 19:8, Mátíù 4:5–7, Lúùkù 14:28–30.

   

Mo mọ̀ pé nínú ìwé ayẹyẹ bí irú èyí, ìtàn ìjọ àti àwòrán àwọn àgbà ni ojú máa ń kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìwàásù sí i, ọ̀rọ̀ kan sì wà nílẹ̀ láàárín wa ní Igbó Ẹfọ̀n níbí tí kò yẹ kí a fi òkúta lé lórí. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa wá bá mi lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Àwọn méjìlá ni, bí iye àwọn àpọ́sítélì. Wọ́n kó ìwé kan wá, wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ní nínú ọ̀sẹ̀ ọdún yìí, àwọn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà wa dé Ẹ̀pẹ́, kí àwọn máa wàásù káàkiri lójú ọ̀nà, kí àwọn sì padà dé ní ọjọ́ kan náà. Wọ́n ní àwọn yóò fi ọjọ́ mẹ́ta gba ààwẹ̀ gbígbẹ ṣáájú, kò ní sí oúnjẹ, kò ní sí omi. Wọ́n ní aṣọ funfun ni àwọn yóò wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn yóò fi wa kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n ní kí n wá ta òróró sí àwọn lórí. Mo bi wọ́n pé, ta ló ní kẹ̀kẹ́ nínú yín? Mẹ́ta pére ló nawọ́. Mo tún bi wọ́n pé, ìgbà wo lẹ gùn ún kẹ́yìn? Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà tí òun wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ náà ti ní ìyàwó báyìí, ẹ̀yin ará.

Ẹ má ṣe bá mi bú wọn o. Inú mi dùn sí wọn. Ní ayé tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi òru wo bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń fi ọ̀sán sùn, bí méjìlá bá dìde pé àwọn fẹ́ fi òógùn ojú yin Ọlọ́run, a ó ha lé wọn bí? A kò ní lé wọn. Ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n béèrè, n kò tíì ta á, ìdí tí n kò fi tíì ta á ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo ìjọ, kí àlejò wa náà lè bá wa gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fèsì fún mi. Èkíní, wọ́n ní ṣebí Àjàlá náà gun kẹ̀kẹ́. Èkejì, wọ́n ní ìyá wa kan tó jẹ́ aríran ti rí wọn lójú ìran, ọ̀nà tó tàn yòò ni wọ́n ń tọ̀, kò sí ẹni tó ṣubú nínú wọn. Ẹ̀kẹta, èyí tó gbójú jù nínú wọn pa òwe lé e, ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà fẹ́ẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì ná. Ẹ̀yin náà mọ Èlíjà, ẹni tí iná bọ́ láti ọ̀run sí orí ẹbọ rẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Ọlọ́run fún un ní agbára tí ó fi sáré níwájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Áhábù títí dé Jésírẹ́lì. Ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ sáré, ẹṣin ń bọ̀ lẹ́yìn! Bí a bá parí ìtàn síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa jàre, kí gbogbo wa múra, kí a máa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí tó tẹ̀lé e. Jésíbẹ́lì ránṣẹ́ ikú sí i, ó sá, ó lọ dé Bíá-ṣébà, ó wọ aginjù ní ìrìn ọjọ́ kan, ó wá wó lulẹ̀ lábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú pa òun. Wòlíì kan náà ni o! Kò tíì dá ẹ̀ṣẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì kú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, oòrùn ti pa á.

Áńgẹ́lì wá. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun tí áńgẹ́lì náà kò sọ. Kò ní kí Èlíjà dìde gbàdúrà. Kò ní kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí ó jẹun. Oúnjẹ gbígbóná ti wà lẹ́bàá orí rẹ̀, omi náà wà níbẹ̀. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí ó tún jẹ, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un: ìrìn tó wà níwájú rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Èlíjà jẹun, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sùn, kí ó tó wá rin ogójì ọjọ́ dé òkè Hórébù. Ṣé ẹ ń bá mi lọ? Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni ó rán oúnjẹ síni. Ọlọ́run tó mọ bí Hórébù ti jìnnà tó mọ bí ẹsẹ̀ Èlíjà ti rí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọn ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Láti Igbó Ẹfọ̀n níbí, ẹ ó kọjá Chevron, ẹ ó kọjá Ìkọ̀tà, ẹ ó dé Ajah. Ẹni tó bá dé Ajah tí ó rò pé òun ti ń lọ, kò tíì lọ. Ṣàngótẹ̀dó wà níwájú, Awóyáyà wà níwájú, Lákọwé, Bógíjé, oríta Eléko, Ẹ̀pẹ́ ṣì wà lókèèrè. Ó ju 50 kìlómítà lọ ní àlọ nìkan. Àlọ àti àbọ̀ ju 100 lọ. Ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ í gùn dáadáa, bí ó bá ń rin kìlómítà 15 ní wákàtí kan, ó ṣe dáadáa. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méje lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, láìka ti ìwàásù tí wọ́n ní àwọn yóò máa dúró ṣe.

Ẹni tí kò bá tíì jókòó sórí kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méje rí, kí ó bi ẹni tó ti ṣe é. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kígbe, ìdí ni. Ara ibẹ̀ á bó, á máa ta èèyàn bí ata. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọwọ́ á kú, ọrùn á gan, iṣan ẹsẹ̀ á fà tí èèyàn á fi dùbúlẹ̀ sẹ́bàá títì tí á máa pe ìyá rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí kò sì pa ènìyàn. Èyí tó ń pa ènìyàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹlẹ́dàá wa, nínú ọgbọ́n Rẹ̀, fi ìṣúra oúnjẹ kan pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ wa. Láti inú iṣu, ìrẹsì, gàrí àti búrẹ́dì tí a ń jẹ ni ó ti ń wá. Bí ènìyàn bá ń fi tagbára-tagbára ṣiṣẹ́, ìṣúra yìí kì í gbé e ju nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ sí méjì lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí tán, àfi kí ó máa jẹ nǹkan lé e díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá tán, òòyì á máa kọ́ ọ, ẹsẹ̀ á wúwo bí òjé, ojú á ṣú. Ẹni tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀, èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti tán kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́.

Ti omi tún burú ju ti oúnjẹ lọ. Òógùn ni Ọlọ́run fi ń tu ara wa, ṣùgbọ́n òógùn tó gbẹ kúrò lára ló ń tuni, kì í ṣe èyí tó ń kán sílẹ̀. Ní etí òkun àti ọ̀sà tí a wà yìí, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, òógùn kì í tètè gbẹ. Ooru á wá máa kó jọ sínú. Ẹni tí kò mu omi láti ọjọ́ mẹ́ta kò ní òógùn tí yóò tiẹ̀ làá. Ooru náà á gun orí, á mú ọpọlọ. Ẹni tí ooru bá mú lọ́pọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí ta gọ́ọ́gọ́ọ́, á máa sọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí, ojú rẹ̀ á yí padà, á ṣubú.

Ẹ̀yin Aláàdúrà, ẹ fetí sí mi níbí. Bí arákùnrin tó wọ aṣọ funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé wa, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ṣubú, kí ni àwa máa ń rò? A ó ní ẹ̀mí ti gbé e. A ó gbé agogo, a ó máa lù ú, a ó bẹ̀rẹ̀ orin, akọ̀wé ìran á yọ bíírò. Ẹni ẹlẹ́ni á sì máa kú lọ láàárín wa pẹ̀lú orin. Mo bẹ̀ yín, lórí títì, nínú oòrùn ọ̀sán, lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró gbọ́ iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́. Ẹ gbé e sí ibòji. Ẹ bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tó ń fẹ́ ẹ máa gbàdúrà. Ọwọ́ kì í dí ẹnu lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kò kúrò nílé wa o. Ààwẹ̀ ni a fi dá ìjọ yìí sílẹ̀, òun náà ni a fi ń rìn. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Olúwa wa gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ nínú aginjù, a kò kà á pé ó ń rìnrìn-àjò láti ìlú dé ìlú nínú ogójì ọjọ́ yẹn.

Mo padà sórí Àjàlá. Ẹ̀yin àgbà mọ orúkọ rẹ̀, nítorí Ebenezer Obey ti fi orin gbé e káàkiri. Moshood Olábísí Àjàlá. Kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ní ọdún 1952, nígbà tó ń kàwé ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, 2,280 máìlì, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 3,670 kìlómítà. Aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀ ní àwọn ìlú tó ti dúró, ó sì ń bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà. Nígbà tó yá ló wá fi alùpùpù Vespa yí ayé ká, tó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ tó jáde ní 1963. Ọ̀dọ́ wa ní òun náà fẹ́ ṣe bí Àjàlá. Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé ó gbọ́ pé Àjàlá ń dúró ní ìlú dé ìlú? Ìrìn àsọyé ni ìrìn náà. Ó gé 2,280 máìlì náà sí wẹ́wẹ́, ó ń gé e jẹ bí ẹni ń jẹ iṣu, òkèlè kan lẹ́yìn òkèlè kan. Kò ní òun á gbé odindi iṣu mì. Ìwọ fẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí o sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nínú ààwẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe Àjàlá. Àjàlá ì bá bẹ̀rù.

Àwọn kan á tún ní, ṣebí àwọn bàbá wa gun kẹ̀kẹ́. Òtítọ́ ni, wọ́n gùn ún. Kẹ̀kẹ́ ni tíṣà fi ń lọ ilé-ẹ̀kọ́, kẹ̀kẹ́ ni ajíhìnrere fi ń bẹ ìjọ abúlé márùn-ún wò, kẹ̀kẹ́ ni oníṣòwò fi ń kó ẹrù lọ ọjà. Ẹni tó bá ra Raleigh tuntun, odidi agbo ilé ló ń bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gùn ún. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ oko lárọ̀ọ́ tó ń gùn ún bọ̀ nírọ̀lẹ́ fún ogún ọdún, ó ti ń kọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rán an ní ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbọ́. Tiwa, inú ọkọ̀ ni a ń jókòó sí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lẹ́kí láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹsẹ̀ wa kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnìkan hàn yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́. Ní ilẹ̀ Gánà, a bí Emmanuel Ofosu Yeboah ní 1977 pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò wúlò. Ní 2001, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gun kẹ̀kẹ́ la Gánà já, nǹkan bíi 600 kìlómítà, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé abirùn kì í ṣe ẹni ìṣáátá. Ẹ ó ní, bí ẹlẹ́sẹ̀ kan bá rin 600, ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò ha ní rin 100? Ẹ béèrè ohun tó ṣáájú ná. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń fi ẹsẹ̀ kan tọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tó ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan yẹn ti ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀ méjì fún ọdún gbọọrọ kí ó tó kan kẹ̀kẹ́.

Nínú ilé tiwa náà ńkọ́? Bàbá wa Mósè Orímọládé, tí a bí ní Ìkàrẹ́, kò ní ẹsẹ̀ tó pé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò lè rìn, nígbà tí ó sì dìde, títiro ni ó ń tiro. Síbẹ̀ ó fi ẹsẹ̀ náà rin ìlú dé ìlú pẹ̀lú ìyìn rere, títí dé òkè ọya, kí ó tó wọ Èkó ní 1924, kí Ẹgbẹ́ Séráfù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1925. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa sọ pé Orímọládé fi ìgbàgbọ́ rìn, wọ́n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún ni ó fi rìn ín, kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó ń sùn ní ìlú kan kí ó tó lọ sí èkejì. Kò sí ibi tí mo ti gbọ́ pé ó ní òun á ti Ìkàrẹ́ dé Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn ènìyàn lè pàtẹ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí nìyí. Èṣù gbé Olúwa wa lọ sí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, ó ní kí ó bẹ́ sílẹ̀, àwọn áńgẹ́lì á gbé e. Ẹ kíyè sí i, Ìwé Mímọ́ ni èṣù fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn! Ìlérí tó sì mú jáde, ìlérí tòótọ́ ni. Àwọn áńgẹ́lì ń ṣọ́ àwọn ènìyàn Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Jésù kọ̀, Ó ní dídán Ọlọ́run wò ni. Àtẹ̀gùn wà nínú tẹ́ḿpìlì yẹn. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní àtẹ̀gùn, tó wá ní àfi kí òun bẹ́ láti òkè kí ayé lè rí i pé òun ní áńgẹ́lì, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni onítọ̀hún ní. Ọlọ́run fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní oṣù mẹ́ta sí Ìkórè. Oṣù mẹ́ta yìí ni àtẹ̀gùn yín. Ẹ ní ẹ kò fẹ́ gbà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ fẹ́. Èmi ni ẹ sì fẹ́ kí n dúró lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, kí n ta òróró sí yín lórí kí ẹ tó bẹ́. Bí ọ̀kan nínú yín bá kú sójú títì, ìyá rẹ̀ kò ní bi èṣù. Èmi ni yóò wá bá.

Nípa ìran, n kò sẹ́ ìran. Ìyá tó rí i, ẹni Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìran náà dárúkọ ọjọ́? Hábákúkù orí kejì sọ fún wa pé ìran ní àkókò tirẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tó lá àlá pé àwọn ìtí ọkà ń forí balẹ̀ fún ìtí tirẹ̀, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Ọdún mẹ́tàlá! Ilé Pọ́tífárì àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibi tó ti kọ́ bí a ti ń ṣàkóso ilé ńlá. Bí wọ́n bá gbé e dé ààfin ní ọmọ ọdún 17, ebi ì bá pa Íjíbítì kú. Mo gbà pé ìyá wa rí àwọn ọmọ wọ̀nyí lójú ọ̀nà tó tàn. Ó lè jẹ́ ọjọ́ Ìkórè ló rí.

Ó wá ku òwe oyin. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹnikẹ́ni kì í fi ọwọ́ lásán la àpáta. Oníwàásù náà sì ti sọ nínú orí kẹwàá ìwé rẹ̀ pé irin tó bá kújú ń fẹ́ agbára púpọ̀ sí i, ọgbọ́n sì ni kí a pọ́n ọn. Orúkọ àdúgbò wa yìí gan-an tó láti kọ́ wa. Igbó Ẹfọ̀n. Ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn ọdẹ ń sọ nípa ẹfọ̀n, ẹran tí wọ́n bá yìnbọn fún tí kò kú, ẹni tó yìnbọn ni yóò padà wá wá. Ọdẹ wo ló ń dé iwájú ẹfọ̀n kí ó tó kọ́ bí a ti ń ki ìbọn?

Ẹ gbọ́ ti ojú ọ̀nà náà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ti ìgbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Láti ìgbà tí èbúté ńlá Lẹ́kí àti ilé ìfọpo Dangote ti ṣí ní Ìbẹ̀jú ní 2023, tírélà àti ọkọ̀ epo kì í jẹ́ kí ọ̀nà náà sinmi. Aṣọ funfun gígùn àti ṣéènì kẹ̀kẹ́ kò lè gbé pọ̀. Bí etí aṣọ bá kó sínú ṣéènì, yóò fa ẹni tó wọ̀ ọ́ wálẹ̀ síwájú táyà tírélà kí ó tó ké Jésù. Ẹsẹ̀ lásán lórí irin kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn, ọgbẹ́ ni. Ẹ ká aṣọ àdúrà yín sínú àpò, ẹ gbé e sínú bọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́, ẹ wẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wọ ilé àdúrà tí ẹ bá fẹ́ wọ̀. Lójú títì, bàtà àti akoto ni. Ẹni tí kò bá ní akoto, kò bá wa lọ.

Báyìí ni a ó ṣe é. Mo ti bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́, wọ́n fọwọ́ sí i. Ìrìn náà kúrò nínú ọ̀sẹ̀ ọdún yìí, ó di ọ̀sẹ̀ Ìkórè. Àlọ nìkan ni ẹ ó gùn, bọ́ọ̀sì ìjọ ni yóò kó ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ padà. Láti ìsinsìnyí dé ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ẹ ó máa gun kẹ̀kẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ máa lọ sí Ajah, ẹ ó padà. Bí ara bá gbà á, ẹ ó dé Ṣàngótẹ̀dó. Lẹ́yìn náà ni Awóyáyà, lẹ́yìn náà ni Lákọwé. Ẹ má fo ọ̀kan. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ara yín yóò kọ́ bí ó ti ń bá oòrùn ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ rọra. Ọjọ́ tí ẹ kò bá gùn ún, ẹ sinmi, nítorí nínú ìsinmi ni ara ti ń tún iṣan ṣe. Ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ kí ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ tí kò ní gun kẹ̀kẹ́. Omi díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà, kí ẹ má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú àpò. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí àyà ń dùn, kí ó lọ rí dókítà kí ó tó dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé.

Kí Olúwa tó gbọ́ Èlíjà gbọ́ tiwa. Kí Ó fún àwọn ọmọ wa ní sùúrù bí Ó ti fún wọn ní ìtara. Kí Ó ṣọ́ ọwọ́ àwọn awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà yìí, kí Ó la ojú wọn. Kí ẹni kankan má ṣe gbé òkú ọmọ rẹ̀ láti títì yẹn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìdúpẹ́ ọdún yìí, agogo mẹ́fà àárọ̀, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, kí gbogbo àwọn méjìlá gbé kẹ̀kẹ́ wá sí àgbàlá ilé àdúrà. Ẹni tó fẹ́ yá kẹ̀kẹ́, kí ó ti yá a lọ́jọ́ Ẹtì, kí ó yẹ bíréèkì àti táyà rẹ̀ wò. Òróró yóò wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Ìjọ ti ṣèlérí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín gbígbóná, kò sí ẹni tí yóò kọ̀ ọ́. Ajah ni a ń lọ lọ́jọ́ náà, a ó sì padà.